Ta Ló Yẹ Kó Tẹ̀wé fún Ìjọba? Ìtàn Ilé Ìtẹ̀wé Ìjọba Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 1861, Abraham Lincoln búra, ó di Ààrẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìyẹn ò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ náà gan-an, ní Washington níbẹ̀, níbi tí òpópónà North Capitol àti òpópónà H ti pàdé, ilé ìtẹ̀wé kan ṣílẹ̀kùn, nǹkan bí 350 òṣìṣẹ́ sì wọlé síṣẹ́. Ìjọba ló ni ilé, ìjọba ló ni ẹ̀rọ, ìjọba ló ń san owó iṣẹ́ wọn. Irú rẹ̀ kò sí nílẹ̀ náà rí. Ọdún yẹn kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend ń tẹ̀ ní Abẹ́òkúta sì ti lé lọ́dún kan dáadáa, torí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun àjèjì ni ìtẹ̀wé jẹ́ lójú tiwa nígbà náà.

Ilé yẹn, tí wọ́n sọ ní Government Printing Office, tí wọ́n ń gé kúrú sí GPO, ti lé ní 160 ọdún báyìí. Kò sì sí ìran kan tó kọjá lórí rẹ̀ tí ẹnìkan kò dìde láti béèrè pé: kí la fẹ́ fi eléyìí ṣe? Ṣé kò sí atẹ̀wé nígboro ni? Ṣé wọn ò ní bá wa ṣe é ní ọ̀pọ̀ ju báyìí lọ? Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí ní ẹ̀ka ìtẹ̀wé yunifásítì, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí báńkì mọ ìbéèrè yẹn bí ẹni mowó. Ohun tó mú kí ìtàn GPO dùn ún sọ ni pé ìdáhùn tí ilé náà ń fún wọn kò dúró lójú kan. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ owó ni ilé náà máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ká a mọ́ kọ̀rọ̀, àmọ́ ohun mìíràn ló ń gbà á sílẹ̀ nígbàkúùgbà, a ó sì rí i bí a ṣe ń lọ.

Nígbà tí ìtẹ̀wé jẹ́ oúnjẹ olóṣèlú

Láti ọdún 1819, Ilé Aṣòfin Àgbà ń yan atẹ̀wé tirẹ̀, Ilé Aṣojú-ṣòfin náà ń yan tirẹ̀. Òfin ló sọ iye tí wọn yóò máa san lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n sábà máa ń yàn ni ẹni tó ni ìwé ìròyìn tó ń gbè lẹ́yìn ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ dé, iṣẹ́ tó ń gba ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀, ìnáwó atẹ̀wé já wálẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí òfin kọ sílẹ̀ kò sún kúrò níbi tó wà. Ibo ni èrè àárín méjì yẹn ń lọ? Inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ni, àti inú ìpolongo ìbò.

Lọ́dún 1846 wọ́n gbìyànjú oògùn mìíràn: kí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹni tí owó tirẹ̀ bá kéré jù. Ẹnikẹ́ni tó ti fi kọ́ńtíráàtì ṣiṣẹ́ rí lè sọ ohun tó tẹ̀lé e láìka ìtàn. Àwọn èèyàn pe owó tí kò lè gbé iṣẹ́ kó lè jẹ́ pé àwọn ni yóò rí i gbà, ìwé wá ń dé pẹ́, ó ń dé ní jákujàku, àwọn aṣòfin ń dúró de àbá òfin tí wọ́n fẹ́ jíròrò. Kò ju ọdún mẹ́fà lọ tí wọ́n fi pa á tì. Òfin 1852 yan alábòójútó kan sí ìdí ìtẹ̀wé, iye owó tí òfin là sílẹ̀ sì tún padà wá.

Ibí yìí ni Cornelius Wendell ti wọ inú ìtàn. Wendell kọ́ ilé ìtẹ̀wé ńlá lọ́dún 1856, ó kó ẹ̀rọ tó dára jù sínú rẹ̀. Olóṣèlú tí wọ́n bá yàn ní atẹ̀wé lè má ní ẹ̀rọ kankan rárá. Yóò gba oyè, yóò gbé iṣẹ́ fún Wendell, wọn yóò sì pín èrè. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ aṣòfin bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lọ́dún 1860, Wendell fúnra rẹ̀ jókòó níwájú wọn, ó ka bí owó ìtẹ̀wé ṣe ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ àwọn ìwé ìròyìn àti sí ìdí ìbò. Àwọn aṣòfin gbọ́ débi pé etí wọn kò gbà á mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 1860, Ààrẹ James Buchanan fọwọ́ sí ìpinnu tó ní kí ìjọba ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀.

Ilé ta ni wọ́n wá rà? Ti Wendell náà ni. 135,000 dọ́là ni wọ́n san. Ọkùnrin tí ilé rẹ̀ jẹ́ ojúkò ìwà ìbàjẹ́ ló tún gba owó nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ìwà ṣe. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè ṣe ètò tó dára ju ìyẹn lọ fún Wendell.

Ẹ wá kíyè sí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá ilé náà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nípa ìmọ̀ aráàlú, kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé ìkàwé. Kí wọ́n dẹ́kun olè jíjà ni gbogbo ohun tí wọ́n ń wá.

Defrees àti Lincoln

Lincoln fi John Defrees sí ipò alábòójútó. Ọmọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Defrees láti kékeré, ó sì ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ìtàn kan wà nípa òun àti Ààrẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà kò jẹ́ kó kú. Ní oṣù Keje ọdún 1861, ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀, Lincoln sì kọ ìwé sí àwọn aṣòfin. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé ńṣe ni àwọn aṣíwájú ọlọ̀tẹ̀ fi ṣúgà bo ọ̀tẹ̀ lára kí àwọn èèyàn wọn tó gbé e mì. Nígbà tí Defrees rí i nínú ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó lọ bá Ààrẹ, ó ní ìwé tí ìtàn yóò gbà wọlé nìyí o, ọ̀rọ̀ ṣúgà yìí kò bá iyì rẹ̀ mu. Lincoln dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ náà gbé èrò òun yọ gẹ́lẹ́, pé ọjọ́ kan kò sí lọ́jọ́ iwájú tí aráàlú kò ní mọ ìtumọ̀ fífi ṣúgà bo nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ títí dòní.

Defrees pàdánù àríyànjiyàn yẹn, ó sì yẹ kó pàdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n atẹ̀wé tó gba kọ́ńtíráàtì wo ni yóò rìn lọ bá Ààrẹ torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo? Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tẹ ohun tí wọ́n gbé fún un kó sì gba owó. Ẹni tó wà nínú ilé ni ìwé ń dùn.

Ogun mú kí iṣẹ́ pọ̀ ju agbára lọ: àṣẹ ọ̀gágun, fọ́ọ̀mù, ìwé àkọsílẹ̀ oríṣiríṣi. Ilé yìí náà ló tẹ ìkéde oṣù Kẹsàn-án ọdún 1862, tí Lincoln fi sọ fún àwọn ìpínlẹ̀ ọlọ̀tẹ̀ pé bí wọn kò bá padà, òun yóò dá àwọn ẹrú tó wà lábẹ́ wọn sílẹ̀. Ìkéde bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé káàkiri ìlú láti wá ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù.

Síbẹ̀, òṣèlú kò kúrò nílé nítorí pé wọ́n kó kọ́ńtíráàtì kúrò. Defrees kúrò lọ́dún 1866, ó padà lọ́dún 1867, ó kúrò lọ́dún 1869, ó tún padà lọ́dún 1877. Nígbà kan, Ilé Aṣòfin Àgbà gba agbára yíyan ọ̀gá ilé náà mọ́ Ààrẹ lọ́wọ́. Lọ́dún 1876 ni agbára náà padà sọ́dọ̀ Ààrẹ, tí oyè náà sì di Public Printer. Ó pẹ́ kí ó tó di ipò tí ẹgbẹ́ tó bá wọlé kì í fi san oore.

Ọdún 1873 ni mo kà sí ọdún tí ilé náà dàgbà. Títí di ìgbà náà, ilé aládàáni ló ń tẹ ohun tí àwọn aṣòfin bá sọ nínú ìjókòó wọn, nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Congressional Globe. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, GPO gbà á, ó sì di Congressional Record. Iṣẹ́ òru ni. Àwọn aṣòfin á sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, àwọn akọ̀wé á sáré kọ ọ́ jáde, ìwé á máa dé ilé ìtẹ̀wé díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń to lẹ́tà á tò ó, àwọn tó ń ka àṣìṣe á kà á, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́, wọn á ká a, wọn á rán an, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, yóò ti wà lórí tábìlì aṣòfin. Lọ́jọ́ tí ìjókòó bá gùn di òru, ìwé náà lè ju igba ojú ewé lọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ lọ́sàn-án bí yóò ṣe pọ̀ tó lálẹ́. Irú iṣẹ́ yìí kò ṣe é kọ sínú ìwé àdéhùn, torí ẹni tí wọ́n bá gbé e fún gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ tó ń dúró láìṣe nǹkan kan ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kéré. Bí àwọn tó ń ṣọ́ owó ìjọba bá wo ọjọ́ yẹn nìkan, wọn á ní ìfiṣòfò ni.

Ọdún 1895: ìwé dé ọwọ́ aráàlú

Òfin ìtẹ̀wé ti oṣù Kìíní ọdún 1895 ló yí ọkàn ilé náà padà. Ṣáájú rẹ̀, ìjọba a máa tẹ̀wé ṣùgbọ́n kò bìkítà nípa ibi tí ìwé ń gbà lọ. Ẹ̀dà ń kún àjà àti ìsàlẹ̀ ilé kiri Washington, ilé ìkàwé kan lè gba ẹ̀dà márùn-ún ìwé kan náà kí ó má gba ẹyọ kan lára òmíràn. Òfin yìí kó ìtẹ̀wé àwọn ẹ̀ka ìjọba jọ sábẹ́ GPO, ó kó pípín àti títà pẹ̀lú síbẹ̀, ó sì dá ipò alábòójútó ìwé ìjọba sílẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú àkọsílẹ̀, fífi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìkàwé tí òfin yàn káàkiri orílẹ̀-èdè, àti títa á fún ẹni tó bá fẹ́ rà.

Wọ́n pe ọ̀dọ́bìnrin kan láti ilé ìkàwé ìlú Los Angeles, Adelaide Hasse, kó wá to òkìtì ìwé náà. Ètò tí ó gbé kalẹ̀ rọrùn débi tí èèyàn fi lè rò pé ẹnikẹ́ni ì bá ronú kàn án: má ṣe to ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń sọ nípa rẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tó kọ ọ́ ni kí o fi tò ó. Àwọn ilé ìkàwé ṣì ń lo ètò náà.

Láti ìgbà yẹn ni ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí olè ti ní èrèdí tó dára ju olè lọ. Ìyá tó bímọ tuntun ní abúlé kan ní Kansas lè kọ lẹ́tà sí Washington kí wọ́n fi ìwé pélébé lórí ìtọ́jú ọmọ ránṣẹ́ sí i. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, Infant Care, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1914, di ọ̀kan lára àwọn ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà pín kiri jù lọ.

Kí n tó kúrò ní àsìkò yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa Ààrẹ Theodore Roosevelt, torí òun ló fi han gbogbo ayé pé ilé ìtẹ̀wé abẹ́lé ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1906, Roosevelt pàṣẹ fún Charles Stillings, ọ̀gá GPO nígbà náà, pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo àkọtọ́ tuntun fún 300 ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde, kí wọ́n máa kọ thru dípò through, kí wọ́n máa kọ tho dípò though. Kò bá ẹnikẹ́ni jíròrò. Ilé kan ṣoṣo ló ń tẹ gbogbo ìwé ìjọba, ọ̀gá ilé náà kan ṣoṣo ni ó nílò láti pàṣẹ fún. Àwọn ìwé ìròyìn fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Ilé Aṣojú-ṣòfin dìbò pé àwọn kò gbà, Ààrẹ sì fọwọ́ wọ́nú. Àwa tí àríyànjiyàn àkọtọ́ tiwa ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ìpàdé Èkó ti ọdún 1875 lè fi Roosevelt rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ká ní ọgọ́rùn-ún atẹ̀wé ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ì bá ti ní láti yí ọgọ́rùn-ún lọ́kàn padà.

Ilé-ẹ̀kọ́, òfin tó sọnù, àti ogun

Àwọn ẹ̀rọ tó ń to lẹ́tà fúnra wọn wọ ilé náà lọ́dún 1904. Ẹ̀rù ba àwọn tó ti fi ọwọ́ to lẹ́tà dàgbà pé iṣẹ́ ti bọ́. Iṣẹ́ pọ̀ sí i ni. Lábẹ́ George Carter, tó dé lọ́dún 1921, ilé náà dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́, wọ́n sì ń yẹ bébà àti yíǹkì wò dáadáa kí wọ́n tó rà á, kí oníṣòwò má baà ta gbàrọgùdù fún ìjọba. Òfin 1924 jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè bá ọ̀gá ilé dúnàádúrà lórí owó iṣẹ́ wọn, ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn kò ní lásìkò náà.

Ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí kí a dúró lé lórí ni ti ọdún 1935. Ìjọba Franklin Roosevelt ń gbé òfin jáde wìtìwìtì láti gbógun ti ìjórẹ̀yìn ọrọ̀ ajé. Ilé iṣẹ́ kan ní Texas, Panama Refining, gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ lórí òfin epo rọ̀bì. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Níbẹ̀ ni àṣírí ti tú: abala òfin tí ìjọba fi ń mú àwọn èèyàn kò sí mọ́! Nígbà tí wọ́n ń tún òfin náà ṣe lọ́dún 1933, wọ́n ti ṣèèṣì yọ ọ́ kúrò, kò sì sí ẹni tó mọ̀, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò mọ̀, àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ kò mọ̀, ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn kò mọ̀. Adájọ́ Louis Brandeis béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba pé báwo ni aráàlú ṣe fẹ́ mọ irú àṣẹ báwọ̀nyí nígbà tí kò sí ibi kan tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí. Agbẹjọ́rò náà kò rí ìdáhùn gidi mú wá.

Lọ́dún náà ni wọ́n ṣòfin pé àṣẹ ìjọba tí wọn kò bá tẹ̀ jáde kò lè mú ẹni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1936 ni Federal Register kọ́kọ́ jáde, GPO ló tẹ̀ ẹ́, ojoojúmọ́ tí ìjọba bá ń ṣiṣẹ́ ló sì ń jáde títí di ìsinsìnyí. Níbí, ìtẹ̀wé ti kúrò ní ìnáwó ọ́fíìsì. Ó ti di ara ohun tó ń sọ òfin di òfin. Bí ẹnìkan bá fẹ́ díwọ̀n àǹfààní ilé ìtẹ̀wé yìí, kó kọ́kọ́ sọ fún wa iye tí ẹjọ́ Panama yẹn ná ìjọba.

Augustus Giegengack ló wà nípò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Iṣẹ́ dé bí ìkún omi: ìwé ìtọ́ni fún ọmọ ogun, fọ́ọ̀mù, ìwé pélébé tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ àti epo fún aráàlú. Ilé kan kò lè gbé e. GPO wá kó apá tó pọ̀ fún àwọn atẹ̀wé aládàáni káàkiri orílẹ̀-èdè, ó ń bẹ̀ wọ́n wò, ó ń ṣe ìdíyelé, ó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Wọ́n ní nítorí ogun ni. Ogun parí, àṣà náà kò parí.

Ilé ìtẹ̀wé tó ń rajà

Ní àwọn ọdún 1970, òṣìṣẹ́ ilé náà lé ní 8,000, iye tó pọ̀ jù nínú ìtàn rẹ̀. Síbẹ̀, apá tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ń fẹ́ kì í jáde láti orí ẹ̀rọ ilé náà mọ́. Báyìí ni ó ṣe ń lọ: iléeṣẹ́ ìjọba kan á gbé iṣẹ́ wá, GPO á kọ irú bébà, iye ẹ̀dà, bí wọn yóò ṣe rán an àti ọjọ́ tí wọ́n ń fẹ́ ẹ sílẹ̀, àwọn atẹ̀wé aládàáni, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé kéékèèké, á pe owó, ẹni tó bá borí á ṣe é, GPO á sì kọ owó rẹ̀ sọ́rùn iléeṣẹ́ tó ni iṣẹ́. Ohun tó gbọ́dọ̀ yára tàbí tó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àṣírí nìkan ni ilé ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀.

Àwọn kan ń bi wọ́n pé kí ni ilé ìtẹ̀wé tí kì í tẹ̀wé? Ìbéèrè náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀. Ẹni tó ń ra iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní láti mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Akọ̀wé ọ́fíìsì tí ń ra ìwé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò mọ ìyàtọ̀ bébà kan sí èkejì, kò mọ ìgbà tí owó tí wọ́n pè é ti gara jù, yóò sì san án. Ilé tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀, tó mọ wákàtí tí iṣẹ́ ń gbà, kò ṣe é tàn jẹ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1993 ni ìjì líle bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí igbákejì Ààrẹ Al Gore darí láti tún ìjọba ṣe dábàá pé kí wọ́n fòpin sí bí GPO ṣe dá iṣẹ́ ìtẹ̀wé ìjọba dì mú. Lọ́dún 1996, Walter Dellinger ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ kọ ìwé èrò òfin pé abẹ́ àwọn aṣòfin ni GPO wà, nítorí náà kò lè máa sọ fún ẹ̀ka aláṣẹ ibi tí wọn yóò ti tẹ̀wé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2002, Mitch Daniels, olórí ọ́fíìsì ètò ìsúná Ààrẹ George W. Bush, kọ̀wé sí gbogbo iléeṣẹ́ pé wọ́n lè lọ bá atẹ̀wé tó bá wù wọ́n. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé ètò ìsúná ọdún 2004 fúnra rẹ̀ síta kí ẹni tó bá fẹ́ pe owó lé e lórí. Ìwé tó jẹ́ pé ojúṣe GPO ni láti ọdún gbọọrọ!

GPO náà pe owó. GPO ló sì borí, pẹ̀lú iye tó dín jọjọ sí ohun tó gbà lọ́dún tó ṣáájú.

Ohun tó tẹ̀lé e ni ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣàkóso ẹ̀ka ìtẹ̀wé yẹ kó ronú sí. Àwọn ọ̀rẹ́ ilé náà hó yèè pé ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó lè bá wa du iye. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ hó yèè bákan náà pé ẹ wò ó, tí ẹ bá lè ṣe é ní iye yìí lónìí, kí lẹ ti ń gbà lọ́wọ́ wa látẹ̀yìnwá? Òótọ́ kan náà, ẹ̀rí méjì tó ta kora. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ owó kò lè gba irú ilé yìí sílẹ̀: ẹni tó bá fi owó díẹ̀ borí lónìí ti dá iye tí wọn yóò fi bá a wí lọ́la.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ló mú àríyànjiyàn tó mú wá. Wọ́n ní ìwé tí iléeṣẹ́ ìjọba bá lọ tẹ̀ níta, GPO kì í rí i. Bí GPO kò bá rí i, kò ní sí nínú àkọsílẹ̀, kò ní dé ilé ìkàwé kankan, lẹ́yìn ogún ọdún kò sì sí ẹni tó lè fi hàn pé ìwé náà wà rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2003, Bruce James, ọ̀gá GPO, àti Daniels fẹnu kò: àwọn iléeṣẹ́ yóò ní òmìnira sí i láti yan atẹ̀wé tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà GPO ni wọn yóò gbà, kí ẹ̀dà má baà máa sọnù.

Láìsí bébà

Òfin kan ti jáde lọ́dún 1993 tó ní kí GPO gbé ìwé ìjọba sórí kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1994 ni GPO Access bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kà á. Nígbà tó di ìparí ọdún 1995, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ìpinnu yẹn ṣe pàtàkì ju èyíkéyìí tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1895 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gé owó tó ń wọlé láti ibi ìwé títà.

Davita Vance-Cooks ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá ilé náà, òun náà sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́; ó gba ipò náà lọ́nà adelé lọ́dún 2012, àwọn aṣòfin fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 2013. Ọdún 2013 yẹn ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ètò ìṣàkóso tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní kó yẹ ilé náà wò jábọ̀ pé iṣẹ́ ṣì wà fún un, pé pípa ìwé ìjọba mọ́ láìyẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, lábẹ́ Vance-Cooks, orúkọ yí padà sí Government Publishing Office. Hugh Halpern ló gba àkóso ní òpin ọdún 2019, oyè rẹ̀ sì ti di olùdarí. Òṣìṣẹ́ kò tó ìdá mẹ́rin iye ti àwọn ọdún 1970 mọ́.

Ẹ̀rọ kò tíì dákẹ́ ṣá o. Ilé náà ló ń ṣe ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà, èyí tó ní ẹ̀rọ pélébé nínú báyìí, ní Washington àti ní ilé kejì tí wọ́n ṣí sí Stennis, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, lọ́dún 2008, kí ìjàmbá kan má baà dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ọmọ Yorùbá tó bá ti gba ìwé ọmọ ìlú ní Houston tàbí Chicago, tó wá ń na ìwé ìrìnnà rẹ̀ sí òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀ Murtala Muhammed, iṣẹ́ ọwọ́ ilé yẹn ló mú dání. Congressional Record náà ṣì ń jáde lóru, ẹ̀dà bébà rẹ̀ ló dín kù gan-an.

Wọ́n ti kó GPO Access kúrò nílẹ̀. Èyí tó wà báyìí, govinfo, gba ìwé ẹ̀rí àgbáyé ní ìparí ọdún 2018 gẹ́gẹ́ bí ibi ìpamọ́ tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, ilé kejì péré lágbàáyé tó rí i gbà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣòfin sọ láti ọdún 1873 wà níbẹ̀, Federal Register láti ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ti ọdún 1936 wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó láti Ìbàdàn tàbí Pọ́tọ́nọ́fò, govinfo.gov ni kó tẹ̀. Wọn kò ní béèrè orúkọ rẹ̀, wọn kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.